Kí Ni Ó Dọ́gba? Àríwísí lórí Èdè tí a fi ń Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìdọ́gba Kẹ́mísìrì

1.0 Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́gbẹ́ wa lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kẹ́mísìrì ni a gbé wá sí àpérò tí ó jẹ́ pé ewì, ìtàn àròsọ àti gírámà ni a sábà máa ń gbọ́ níbẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí kì í ṣe onímọ̀ kẹ́mísìrì. Ó kàn jẹ́ pé ó ti fìgbà kan kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní ẹ̀kọ́ náà kí ó tó padà sí ìdí èdè, ohun tí ojú rẹ̀ sì rí nínú kíláàsì nígbà náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lórí tábìlì, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń kọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, Yorùbá ni olùkọ́ fi ń tú u. Èdè tí a fi ń tú kókó yìí, tí kò sí nínú ìwé kankan, ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Apá ẹ̀kọ́ náà tí a yàn ni mímú ìdọ́gba kẹ́mísìrì dọ́gba. Gbogbo ẹni tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì kẹ́mísìrì rí ni yóò rántí rẹ̀. Bí a bá kọ H₂ + O₂ → H₂O, átọ́mù háídrójìn méjì ni ó wọlé ní apá òsì, méjì náà ni ó jáde ní apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n átọ́mù ọ́ksíjìn méjì ni ó wọlé, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó jáde. A ó wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú un dọ́gba. Ìdáhùn tí olùkọ́ ń retí ni 2H₂ + O₂ → 2H₂O.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń wí yìí, ìdáhùn mẹ́ta mìíràn ni ó máa ń tẹ̀ wá lọ́wọ́ jù. Àwọn kan á kọ H₂ + O₂ → H₂O₂. Àwọn kan á kọ H₂ + O₂ → H₂O + O. Àwọn tí ó kù á kọ H₂ + O → H₂O. A máa ń fi bírò pupa fagi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó sì sọ pé àwọn ọmọ náà kò mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé fi ara balẹ̀ ka àwọn átọ́mù inú wọn wò: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dọ́gba! Àṣẹ tí a pa fún wọn ni pé kí wọ́n mú un dọ́gba, wọ́n sì ti mú un dọ́gba. Òfin mìíràn ni wọ́n ṣẹ̀ sí, èyí tí àṣẹ náà kò dárúkọ rárá. H₂O₂ kì í ṣe omi. Òun ni oògùn olómi tí àwọn ènìyàn máa ń rà lọ́dọ̀ àwọn olóògùn láti fi fọ ojú egbò, tí àwọn mìíràn sì fi ń sọ irun dúdú di pupa. Ọ́ksíjìn kì í sì í dá rìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Méjì-méjì ni ó ń rìn.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀, nítorí náà, ni pé àṣìṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ yìí kì í sábàá jẹ́ ti ìṣirò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ sọ́jà tí ó sì mú ṣéńjì bọ̀ láìdín kò lè ṣàìmọ̀ pé méjì àti méjì jẹ́ mẹ́rin. Èdè ni ó kù díẹ̀ káàtó. A kò sọ fún ọmọ náà ohun tí ó dọ́gba, a kò sọ fún un ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń kà, a sì jẹ́ kí ó gbà pé ohun tí ó bá ti dọ́gba ti di òtítọ́. Èyí tí a dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ni ó léwu jù.

2.0 Òṣùwọ̀n àti Èènì

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń lò fún iṣẹ́ yìí, "balance", inú èdè Látìn ni ó ti wá, òṣùwọ̀n alábọ́-méjì ni ó sì ń tọ́ka sí. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ tú u fún ọmọ Yorùbá a máa sọ pé kí apá méjèèjì wọ̀n déédéé. Àwòrán òṣùwọ̀n ni a gbé sí ọmọ náà lọ́kàn yẹn. Ẹni tí ó bá sì ti dúró níwájú alátẹ rí mọ ohun tí à ń ṣe bí apá kan òṣùwọ̀n bá fúyẹ́: a ó bu díẹ̀ kún un ni. Nítorí irú rẹ̀ ni èènì ṣe wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ H₂O + O, èènì ni ó bù. Ó rí i pé apá ọ̀tún fúyẹ́, ó wá fi ọ́ksíjìn kan lé e. Kò ya òpè. Àwòrán tí a fún un ni ó tẹ̀ lé dé ibi tí ó lè dé.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó borí nínú iṣẹ́ yìí ni "dọ́gba", òun náà ni a sì fi ṣẹ̀dá "ìdọ́gba". Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ní ìwà kan tí ó yẹ kí a kíyè sí. Bí ẹnì kan bá wí fún wa pé Òjó àti Àìná dọ́gba, a kò tíì gbọ́ ohun tí ó pé. A ó bi í pé, ní kí ni? Ní gíga ni, àbí ní ọjọ́ orí, àbí ní ipò lẹ́nu iṣẹ́? Àpólà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ní" ni ó máa ń parí ọ̀rọ̀ náà: wọ́n dọ́gba ní gíga. Bí a kò bá sọ àpólà yìí jáde, olùgbọ́ ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ parí rẹ̀. Nínú kíláàsì kẹ́mísìrì, a kì í sábàá sọ ọ́ jáde.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí kò dọ́gba nínú ìdọ́gba omi pọ̀ ju èyí tí ó dọ́gba lọ. Mólékù mẹ́ta ni ó wọlé, méjì ni ó jáde. Ní ti àyè tí wọ́n gbà, òṣùwọ̀n gáàsì háídrójìn méjì àti ti ọ́ksíjìn kan, bí wọ́n bá parapọ̀, òṣùwọ̀n oruku omi méjì péré ni wọ́n ń dà, bí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ wọn kò bá yí padà. Gay-Lussac ti ilẹ̀ Faransé ti ṣàkíyèsí èyí láti 1808. Ní ti ìwà wọn ńkọ́? Háídrójìn a máa gbiná, ọ́ksíjìn a máa ran iná lọ́wọ́, omi ni a sì fi ń pa iná. Ohun tí ó dọ́gba kò ju iye átọ́mù oríṣi kọ̀ọ̀kan, àti ìwúwo tí ó ti ara rẹ̀ wá. Bí a bá wí pé "apá méjèèjì dọ́gba" láìfi "ní iye átọ́mù" kún un, a ti sọ fún ọmọ náà pé iná àti omi jẹ́ bákan náà. Ọmọ tí ó bá ń ronú kò ní gbà; èyí tí kò bá ronú yóò gbà, yóò sì yege.

Kò yẹ kí a gbàgbé pé ọ̀nà mìíràn wà láti wo ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà náà sì pẹ́ ju òṣùwọ̀n ìwé-ẹ̀kọ́ wa lọ. Antoine Lavoisier, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ kẹ́mísìrì jáde ní 1789, agbowó-orí ni pẹ̀lú iṣẹ́ ìmọ̀ tí ó ń ṣe, iṣẹ́ owó-orí yẹn ni a sì tìtorí rẹ̀ pa á ní 1794. Nígbà tí ó ń ṣàlàyé bí omi èso àjàrà ṣe ń di ọtí, ó to ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ń kọ ìwé owó: omi àjàrà ní apá kan, gáàsì àti ọtí ní apá kejì, àmì ìdọ́gba láàárín wọn. Ìwé owó kò bèèrè bóyá ohun tí a rà jọ owó tí a ná. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé, èyí tí ó wọlé dà?

A kò ní láti lọ sí oko àjàrà kí a tó rí i. Ẹmu tí a dá ní òwúrọ̀ dùn. Nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́, adùn rẹ̀ ti dín, ó sì ti ń pani. Ìfófòó rẹ̀, àti ipá tí ó fi ń ti ìdérí akèrègbè, gáàsì kárbọ̀nù dáyọ́ksáìdì ni. Àwọn onímọ̀ máa ń kọ ọ́ báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣúgà inú ẹmu ju oríṣi kan lọ: C₆H₁₂O₆ → 2C₂H₅OH + 2CO₂. Bí a bá gbé akèrègbè tí kò ní ìdérí sórí òṣùwọ̀n ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, kò ní wọ̀n déédéé, nítorí gáàsì ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Òṣùwọ̀n yóò pe ìwé ní irọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè pé kárbọ̀nù mẹ́fà tí ó wọlé dà, ìdáhùn wà: mẹ́rin wà nínú ọtí, méjì ti jáde lẹ́nu akèrègbè. Nínú gbogbo ohun tí mo gbìyànjú láti fi tú kókó yìí, kò sí èyí tí ó yé àwọn ọmọ tó "wọlé" àti "jáde". Ọfà tí ó wà láàárín, "di" ni mo máa ń pè é: ṣúgà di ọtí àti gáàsì. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí yóò gbọ́ "di" kí ó rò pé ohun tí ó wà ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

3.0 Méjì Wo?

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni ó kàn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ ni nọ́ńbà máa ń wà. Nínú Yorùbá, ẹ̀yìn ni ó sábà máa ń wà, bí a bá yọ ogún, ọgbọ̀n àti irú wọn sílẹ̀. Àmì kẹ́mísìrì ń lo iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì fún ipò kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀. 2H ni átọ́mù háídrójìn méjì tí kò so mọ́ra. H₂ ni átọ́mù méjì tí ó so mọ́ra di mólékù kan. Kí olùkọ́ wá pe méjèèjì ní Yorùbá fún wa: "háídrójìn méjì", "háídrójìn méjì". Etí kò lè mọ èyí tí ó yàtọ̀. Ọmọ tí ó kọ H₂O₂ nígbà tí a retí 2H₂O, tí a bá ní kí ó ka ohun tí ó kọ sókè ní èdè ilé rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ gbọ́ "omi méjì" ní ibì kan nínú rẹ̀ kí ó sì rò pé ó tọ̀nà.

Kí a má ṣe dá gbogbo ẹ̀bi rù Yorùbá. Ní 1985, W. L. Yarroch tẹ ìwádìí kan jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì 14 tí ó fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò bí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó rí nínú wọn àwọn tí ó mú ìdọ́gba dọ́gba láìsí àṣìṣe, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé nígbà tí a ní kí wọ́n ya àwòrán 3H₂, átọ́mù mẹ́fà tí ó so kọ́ra lórí ìlà kan ni wọ́n yà. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn yẹn fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n mọ̀ pé mẹ́fà ni. Wọn kò mọ bí mẹ́fà náà ṣe tò. Ìyẹn ni pé àìsàn náà kì í ṣe ti èdè kan ṣoṣo. Ohun tí a ń sọ ni pé Yorùbá ní oògùn rẹ̀ nílé, a kò sì lò ó.

Oògùn náà ni àpètúnpè nọ́ńbà. Bí a bá ní kí a pín iṣu fún àwọn ọmọ ní méjì-méjì, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé kì í ṣe iṣu méjì ni a ní, bí kò ṣe pé ìpín kọ̀ọ̀kan ní méjì nínú. Ohun tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú fọ́múlà ń sọ gan-an nìyẹn. 3H₂ ni ìdì mẹ́ta, átọ́mù méjì-méjì. 2H₂O ni ìdì omi méjì, háídrójìn méjì-méjì àti ọ́ksíjìn kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà iwájú ń ka ìdì. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń ka ohun tí ó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. A kò ní láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan.

Àwọn baba wa tí ó ná owó ẹyọ mọ ìdì ju àwa lọ. Ogójì owó ẹyọ ni a máa ń sín sínú okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ó ń jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tí ó gba okùn mẹ́ta mọ̀ pé òun kò gba owó ẹyọ mẹ́ta. Ẹni tí ó sì jẹ gbèsè tí owó rẹ̀ kò pé, okùn mìíràn ni yóò wá kún un. Bí ó bá tú okùn kan tí ó yọ ẹyọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ìṣirò tirẹ̀ lè bọ́ sí i, ìrẹ́jẹ ni a ó pè é. Òfin tí ó sọ pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nìyẹn, òfin tí àwọn ìwé-ẹ̀kọ́ máa ń pa láìsọ ìdí. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni ó sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́. Bí a bá fọwọ́ kàn án, a kò tún iye ṣe, a ti sọ nǹkan náà di nǹkan mìíràn.

Ìdì inú ìdì sì wà, gẹ́gẹ́ bí okùn ti wà nínú ẹgbàá. Àwọn àkámọ́ inú fọ́múlà ni mo ní lọ́kàn, èyí tí ó máa ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù. Ẹ wo 2Al(OH)₃ + 3H₂SO₄ → Al₂(SO₄)₃ + 6H₂O. Ọ́ksíjìn mélòó ni ó wà nínú Al₂(SO₄)₃? Ìdì kékeré mẹ́ta ni ó wà nínú ìdì ńlá, mẹ́rin-mẹ́rin sì ni ọ́ksíjìn inú wọn; ó jẹ́ 12. Mẹ́fà mìíràn wà nínú omi, gbogbo rẹ̀ di 18, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó sì wọlé láti apá òsì. Ọmọ tí ó bá lè ka ọ̀kẹ́ lè ka èyí.

4.0 Ohun tí Ìdọ́gba kò Mọ̀

Ibi tí a dé yìí ni ó jẹ òǹkọ̀wé yìí lógún jù. Ká ní gbogbo olùkọ́ ti gba ohun tí a wí nípa "dọ́gba" àti nípa "méjì", síbẹ̀ ẹ̀tàn kan ṣì kù. Ìwé-ẹ̀kọ́ máa ń to ìdọ́gba 20 tàbí 30 sí òpin orí kan, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa ṣe wọ́n bí ẹni ń ta ayò. Bí wọ́n bá ti dọ́gba, iṣẹ́ ti parí. Kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ohun tí ó kọ ṣẹlẹ̀ rí láyé.

Ní 1808, John Dalton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìlànà kan sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀: bí èròjà méjì bá ní àdàlú kan ṣoṣo tí a mọ̀, kí a gbà pé ẹyọ kan nínú èkíní ni ó so mọ́ ẹyọ kan nínú èkejì, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà láti rò bẹ́ẹ̀ kọ́. Omi ni àdàlú kan ṣoṣo tí a mọ̀ fún háídrójìn àti ọ́ksíjìn nígbà náà. H₂O₂ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò di mímọ̀ títí di 1818. Nítorí náà, ní àmì tòde-òní, ohun tí Dalton gbà ni H + O → HO. Kí a wò ó dáadáa. Kò sí nọ́ńbà kankan tí a ní láti fi kún un. Kò sí ìdọ́gba tí ó dọ́gba tó o. Irọ́ sì ni. Avogadro ti ilẹ̀ Ítálì fi ọ̀nà tí ó tọ́ hàn ní 1811, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí 50 ọdún kí Cannizzaro tó wá yí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ lọ́kàn padà, ní àkókò àpérò ńlá tí wọ́n ṣe ní Karlsruhe ní 1860. Ní gbogbo àkókò yẹn, kíkà nìkan kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé Dalton ṣì í. Wíwọn gáàsì àti fífi wọ́n wéra ni ó sọ ọ́.

Ìpẹtà irin jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ilé. Èyí tí àwọn ọmọ máa ń há sórí ni 4Fe + 3O₂ → 2Fe₂O₃. Ó dọ́gba. Ṣùgbọ́n omi dà? Kò sí alágbẹ̀dẹ tí kò mọ̀ pé irin tí ọ̀rinrin kò kàn kì í dípẹtà, omi sì wà nínú ara ìpẹtà fúnra rẹ̀. Ìdọ́gba náà fi ohun tí ó fa ọ̀ràn sílẹ̀, kò sì sí ohun kan nínú ìṣirò rẹ̀ tí ó lè ta akẹ́kọ̀ọ́ lólobó.

Èédú ni mo fẹ́ fi tẹ́ pẹpẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ìdọ́gba mẹ́ta nìyí, èròjà kárbọ̀nù àti ọ́ksíjìn nìkan ni ó wà nínú wọn:

C + O₂ → CO₂

2C + O₂ → 2CO

3C + 2O₂ → CO₂ + 2CO

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́, ó lè kọ ọgọ́rùn-ún mìíràn bí i ti ẹ̀kẹta, nípa yíyí iye tí ó fi da méjèèjì pọ̀ padà, gbogbo wọn yóò sì dọ́gba. Àwọn tí ó ń fi ọ̀nà áljẹ́brà yangàn pé òun ni ó dájú jù yẹ kí ó dán an wò níbí: áljẹ́brà yóò fún wọn ní ìdáhùn tí kò lópin. Èwo nínú wọn ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àdògán? Kíkà kò mọ̀. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ni afẹ́fẹ́. Bí ọ́ksíjìn bá pọ̀ yíká èédú, èkíní ni ó máa ń borí, nítorí pé CO tí ó bá tilẹ̀ jáde yóò tún jó di CO₂. Iná aláwọ̀ búlúù tí ó máa ń fò lórí èédú tí ó gbiná dáadáa, CO ni ó ń jó níbẹ̀. Bí ọ́ksíjìn bá wọ́n, èkejì yóò gbilẹ̀. CO kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́ksíjìn ti ń ṣe lọ, ní ìlọ́po tí ó lé ní 200, kò sì ní jẹ́ kí ọ́ksíjìn ráàyè níbẹ̀. Ẹni tí ó gbé àdògán èédú wọ yàrá ní òru ọyẹ́, tí ó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa nítorí òtútù, tàbí tí ó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má bàa gbé e lọ, inú ìdọ́gba kejì ni ó sùn sí. Ìwé ìròyìn kì í pẹ́ gbé irú rẹ̀ jáde: tọkọtaya, tàbí gbogbo ilé, tí a kò rí ojú ọgbẹ́ kankan lára wọn. A ó gbọ́ tí àwọn aládùúgbò ń sọ pé ayé ni ó ṣe wọ́n.

Nínú àwọn tí ó kú bẹ́ẹ̀, àwọn kan á ti jókòó ní kíláàsì wa. Wọ́n á ti kọ 2C + O₂ → 2CO rí, wọ́n á sì ti gba máàkì rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ó sọ pé ọ̀rọ̀ èdè yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Kò sí ibì kankan nínú ẹ̀kọ́ náà tí a ti fi ìdọ́gba èkíní àti èkejì síwájú ọmọ náà papọ̀, kí a sì bi í pé: èwo ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí a tì pa, kí ló dé? Ìbéèrè tí a máa ń bi í kò kọjá pé kí ó fi nọ́ńbà sí àlàfo.

5.0 Orúkọ àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Nígbà tí a bá gbé irú ẹjọ́ yìí kalẹ̀, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún kẹ́mísìrì, nítorí náà kí a jókòó ṣẹ̀dá wọn. A kò kẹ́gàn iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ètò ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babátúndé Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó mọ. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984, ti èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó gbájú mọ́. Ọ̀mọ̀wé èdè ni ó fi ṣe iṣẹ́, kì í ṣe olùkọ́ kẹ́mísìrì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, ẹnu olùkọ́ ni gbogbo rẹ̀ kù sí.

Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé padà wo àwọn àpẹẹrẹ tí a ti lò. Átọ́mù, mólékù, háídrójìn, ọ́ksíjìn: a yá wọn, a kọ wọ́n bí ẹnu wa ti pè wọ́n, wọn kò sì dí wa lọ́wọ́. Ibi tí a ti ṣubú ni "dọ́gba", "méjì" àti "wọ̀n", ọ̀rọ̀ tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ìgbìmọ̀ ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ máa ń wá orúkọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe àti nọ́ńbà ni ó ń ṣe àwọn ọmọ wa ní jàǹbá. Bí a bá ṣẹ̀dá orúkọ Yorùbá gidi fún gbogbo èròjà tí ó wà nínú tábìlì Mendeleev lọ́la, ọmọ yẹn yóò ṣì kọ H₂O + O.

Ìṣòro méjì kan kù tí a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ wọn. Èkíní ni ti ọfà olórí-méjì, èyí tí van 't Hoff ti lo irú rẹ̀ láti 1884 fún ìyípadà tí ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Náítrójìn àti háídrójìn ń di ámóníà, N₂ + 3H₂ ⇌ 2NH₃, ámóníà náà sì ń tú ká di náítrójìn àti háídrójìn. Mo kọ́kọ́ ń pè é ní "padà di", títí ọmọ kan fi bi mí pé, tí ó bá ti padà, ṣé yóò tún lọ? "Padà" mú un rò pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé bí èyí ti ń di tọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ni tọ̀hún ń di èyí. Ó gùn, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́.

Èkejì ni ti iyọ̀, n kò sì tíì rí ojútùú rẹ̀. "Ìdì" tí mo gbé lárugẹ yìí bá omi àti gáàsì mu. Nínú horo iyọ̀, kò sí ìdì kankan: sódíọ̀mù àti klórínì kàn tò tẹ̀lé ara wọn lọ ní gbogbo apá ni, NaCl kò sì ju ìpín ọ̀kan sí ọ̀kan lọ. Bí mo bá wí fún ọmọ pé 2NaCl ni ìdì iyọ̀ méjì, mo ti purọ́ kan fún un kí n lè gbà á lọ́wọ́ òmíràn. Mo ti dán "ìpín" wò dípò ìdì, ṣùgbọ́n ó máa ń da ọ̀rọ̀ "pín" ti ìṣirò rú. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó jọ̀wọ́ gbé e wá sí àpérò wa tí ó ń bọ̀.